Páásíwọ́ọ̀dù Mi Kò Jẹ̀bi

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo gbà fún un. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí áàpù tí a fi ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wa níbi iṣẹ́ ti ń yọjú sí mi pé ẹ̀dà òun tuntun ti dé, ṣé kí òun gbé e wọlé? "Ó di ìgbà mìíràn" ni mo máa ń tẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò mọ ohun tó ṣe mí, mo tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni". Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi parí. Mo rí i pé àwọ̀ rẹ̀ ti yàtọ̀ díẹ̀, mo pa kọ̀ǹpútà, mo lọ sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ní kí n wọlé. Mo tẹ orúkọ, mo tẹ páásíwọ́ọ̀dù. Ó yí bírí, ó dúró, ó wá fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ pé n kò lè wọlé, kí n lọ yẹ orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù mi wò.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo tún un tẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ a-b-d. Mo wò ó bóyá lẹ́tà ńlá ni mo ń tẹ̀ láìmọ̀. Mo kọ ọ́ sí ojú ìwé òfìfo lórí kọ̀ǹpútà kí n lè fojú ara mi rí i, mo dà á kọ láti ibẹ̀. Pupa. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ọ̀rọ̀ náà yí padà: ó ní mo ti gbìyànjú jù, wọ́n ti ti àkáǹtì mi pa fún ìṣẹ́jú 30.

Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń lo páásíwọ́ọ̀dù yẹn. Ìka mi mọ̀ ọ́n ju orí mi lọ. Bí ẹ bá ní kí n pè é sí yín létí, àfi kí n kọ́kọ́ fi ìka jó o lórí tábìlì kí n tó rántí. Síbẹ̀, ìlà pupa kan ṣoṣo ti tó láti mú kí n máa fura sí ara mi. Ó yà mí lẹ́nu báyìí bí mo ṣe tètè gbà. Ká ní èèyàn ẹlẹ́ran ara ló sọ fún mi pé n kò mọ orúkọ ara mi, mà á bá a jà. Ẹ̀rọ ló sọ ọ́, mo tẹrí ba.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo lọ yí páásíwọ́ọ̀dù padà. Ojú ìwé kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwa òṣìṣẹ́ ti ń ṣe irú rẹ̀. Ojú ìwé náà ní kí n kọ́kọ́ tẹ páásíwọ́ọ̀dù tí mo ń lò lọ́wọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ó gbà á. Mo fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà ka ibi tí mo ti ní ó gbà á. Páásíwọ́ọ̀dù tí mo ń lé lọ nítorí pé kò ṣiṣẹ́, òun gan-an ni mo fi wọlé láti lọ pa á rẹ́. Ẹ̀rí pé kò jẹ̀bi wà lọ́wọ́ mi, n kò rí i.

Nígbà tí ìṣẹ́jú 30 pé, mo gbé tuntun náà wá. Pupa. Ó sì tún dá ẹjọ́ mìíràn sílẹ̀: fóónù mi, tó ti ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ látàárọ̀ láìjẹ́ pé mo wò ó, ṣì di páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ mú. Bí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ ṣe já lẹ́ẹ̀kan tó sì padà dé, òun náà bọ́ síta. Ọ̀nà kan ló dí fún mi tẹ́lẹ̀, mo ti fọwọ́ ara mi sọ ọ́ di méjì.

Ló bá kan yíyọ áàpù náà dànù pátápátá, tàbí ohun tí mo rò pé ó jẹ́ pátápátá. Mo tún un gbé wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ṣí, ó rántí orúkọ mi. Ó rántí pé lẹ́tà gàdàgbà ni mo fẹ́ràn, nítorí ojú mi. Inú mi tiẹ̀ dùn sí i. N kò bi ara mi léèrè pé báwo ni ohun tí mo ti yọ dànù ṣe wá ń rántí nǹkan.

Pupa.

Nígbà tó yá, obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí o? Àtàárọ̀ la ti ń kọ̀wé sí yín, ẹ ò fèsì." Mo ní páásíwọ́ọ̀dù mi ló bàjẹ́. "Páásíwọ́ọ̀dù kì í bàjẹ́ kẹ̀," ló wí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà wa pé kó pè mí.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ náà sọ kò ju pé: "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́wọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù." Lẹ́yìn náà ló bèèrè ohun tí mo ti yí padà látàárọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un. Ó dákẹ́ títí mo fi kà á tán. "Ẹ ti fi ìgbálẹ̀ gbá ipasẹ̀ olè nù," ló sọ, àmọ́ kò bínú.

Ó bèèrè aago. Mo rò pé ó fẹ́ mọ ohun tó lù, mo sọ fún un. Ó ní rárá, aago orí kọ̀ǹpútà mi ni, ṣé ó bá ti orí fóónù mu? Ṣé ọjọ́ àti ọdún rẹ̀ tọ̀nà? Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Aago wà lára ohun tó máa ń ti èèyàn mọ́ta jù lọ lẹ́yìn tí áàpù bá di tuntun. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn tí áàpù ń bá sọ̀rọ̀, máa ń gbé ìwé ẹ̀rí dání pé òun lòun jẹ́, ìwé náà sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó dópin. Bí bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà bá kú tí aago rẹ̀ sì padà sí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, lójú kọ̀ǹpútà náà, wọn kò tíì kọ ìwé ẹ̀rí yẹn rárá. Ẹ̀dà àtijọ́ lè fojú fò ó. Ẹ̀dà tuntun kì í sábà fojú fò ó. Àwọn kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà tí fóónù máa ń mú jáde fún àbò kejì ńkọ́? Aago ni wọ́n fi ń ṣírò wọn, ìṣẹ́jú-àáyá 30 ni kóòdù kọ̀ọ̀kan sì sábà ń lò. Kí aago yẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ẹ máa tẹ kóòdù tó jóòótọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àní ìwé ẹ̀rí tún lè dá wàhálà sílẹ̀ nígbà tí aago tọ̀nà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ìwé ẹ̀rí gbòǹgbò kan, ìyẹn èyí tí àwọn ìwé ẹ̀rí mìíràn gbára lé, tí wọ́n ń pè ní DST Root CA X3 dópin, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò mọ èyí tó rọ́pò rẹ̀ kàn dá ìbánisọ̀rọ̀ dúró pẹ̀lú àwọn sáfà tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà ló sọ èyí fún mi, ohùn rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tí ọjọ́ yẹn kò jẹ́ kó sùn.

Aago mi tọ̀nà. Ó kúrò níbẹ̀.

Ó wá ṣàlàyé ohun kan tí n kò tíì gbọ́ rí. Bọ́tìnì "wọlé" jọ ohun kan ṣoṣo, ó ní, àmọ́ bí ìrìn àjò ló rí. Áàpù á kọ́kọ́ bèèrè pé níbo ni sáfà wà. Tiwa ń lo ìlànà ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní XMPP, èyí tí Jeremie Miller kéde lọ́dún 1999 lábẹ́ orúkọ Jabber, tí IETF, àjọ tó ń ṣe ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, sì sọ di ìlànà gbogboogbò lọ́dún 2004. Nínú ìlànà yìí, àkọsílẹ̀ kan wà nínú DNS, ìyẹn ìwé àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń tọ́ka áàpù sí sáfà tó yẹ, àti sí port, ìyẹn nọ́ńbà ilẹ̀kùn, tó máa gbà wọlé, tó sábà máa ń jẹ́ 5222. Áàpù á forí lé ibẹ̀. Firewall, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde, lè dá a dúró lójú ọ̀nà, pàápàá bí ẹ̀dà tuntun bá wà nínú fódà mìíràn tàbí tó ń jẹ́ orúkọ mìíràn: ẹ̀dà àtijọ́ ni firewall mọ̀, kò mọ àlejò yìí. Bó bá kọjá, á yẹ ìwé ẹ̀rí sáfà wò. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni ọ̀rọ̀ tó máa kan páásíwọ́ọ̀dù.

"Nítorí náà," ó ní, "bí wọ́n bá ti ń bá yín sọ̀rọ̀ páásíwọ́ọ̀dù, ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Àfi bí áàpù yín bá jẹ́ irú èyí tó jẹ́ pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀ sí i lọ́nà, páásíwọ́ọ̀dù ló máa ka ẹ̀sùn sí lẹ́sẹ̀. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀."

Àwọn ohun mẹ́ta tó ní kí n ṣe kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, kí n ṣí brawúsà, kí n wọlé láti ibẹ̀, láìlo áàpù. Ó ṣí, àtẹ̀jíṣẹ́ àárọ̀ dà lé mi lórí. Àkáǹtì mi kò ní àrùn kankan. Lẹ́yìn náà, kí n yọ kọ̀ǹpútà kúrò lórí nẹ́tíwọ̀kì ilé, kí n fi dátà fóónù gbé e. Áàpù náà ṣì kọ̀. Nẹ́tíwọ̀kì kò mọ nǹkan kan. Ìkẹta ló yà mí lẹ́nu: ó ní kí n dá orúkọ aṣàmúlò tuntun sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kan náà, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló fẹ́ lò ó, kí n ṣí áàpù náà níbẹ̀. Ó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Áàpù kan náà, kọ̀ǹpútà kan náà, orúkọ kan náà, páásíwọ́ọ̀dù kan náà.

Mo dákẹ́. Òun ló sọ̀rọ̀. "Ẹ tún ṣí tàkọ́kọ́, kí ẹ sọ ohun tó kọ fún mi." Mo ṣí i. Mo ti gbìyànjú jù, àkáǹtì mi wà ní títì fún ìṣẹ́jú 30.

"Níbo ló ti tì?" ó bèèrè. "Brawúsà yín ṣì wà ní ṣíṣí, àbí?"

Ó wà ní ṣíṣí lóòótọ́. Ẹnì kan tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kí mi níbẹ̀ ni. Àkáǹtì kan náà ni, ó tì níbí, ó ṣí lọ́hùn-ún. Látàárọ̀ ni mo ti ń wo ìlà yẹn, n kò bi í ní ìbéèrè kankan.

Bí ẹ bá yọ áàpù kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ara áàpù ló ń lọ. Ohun tó mọ̀ nípa yín sábà máa ń wà nínú fódà mìíràn: lórí Windows, abẹ́ AppData, lórí Mac, abẹ́ Library, nínú Application Support, lórí Linux, fódà kan tó fara pa mọ́, tí àmì tótó ṣáájú orúkọ rẹ̀. Ẹ lè yọ áàpù, kí ẹ dá a padà ní ìgbà mẹ́wàá, fódà yẹn á jókòó síbi tó wà, á máa fi àṣìṣe kan náà kí yín káàbọ̀. Ó ní kí n má ṣe pa á rẹ́, kí n kàn fi "-àtijọ́" kún orúkọ rẹ̀. Mo dúpẹ́ pé ó sọ bẹ́ẹ̀, torí ọwọ́ mi ti wà lórí bọ́tìnì ìparẹ́. Inú ibẹ̀ ni gbogbo ìtàkurọ̀sọ tí kọ̀ǹpútà mi tọ́jú láti ọdún pípẹ́ wà. Mo yí orúkọ rẹ̀ padà, mo ṣí áàpù. Kò mọ̀ mí rí. Lẹ́tà rẹ̀ kéré bí èèrà. Mo tẹ orúkọ, mo tẹ páásíwọ́ọ̀dù, ilẹ̀kùn ṣí.

Ẹlòmíràn ì bá dúró níbẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tó fà á, òun náà sì fẹ́ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ó ní kí n fi fáìlì ètò tó wà nínú fódà àtijọ́ ránṣẹ́ sí òun. Kò pẹ́ tó fi rí i: lábẹ́ orúkọ mi, ní àyè tí wọ́n ń pè ní sáfà ìsopọ̀, àdírẹ́sì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ kọ. Irú àyè bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú áàpù XMPP. Ti áàpù tó ń jẹ́ Pidgin, fún àpẹẹrẹ, wà lábẹ́ Advanced. Bí nǹkan kan bá ti wà níbẹ̀, áàpù kì í bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ DNS mọ́, ibi tí ẹ bá kọ ni yóò forí lé.

Èmi ni mo kọ ọ́. Mo rántí ọjọ́ náà báyìí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ débi iṣẹ́, áàpù kò rí sáfà, ẹnì kan ní kí n tẹ àdírẹ́sì yìí síbẹ̀, ó ṣiṣẹ́, mo gbàgbé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí, wọ́n kó gbogbo wa lọ sórí sáfà tuntun, wọ́n sì fún oníkálukú ní páásíwọ́ọ̀dù tuntun. Sáfà àtijọ́ ni kò sẹ́ni tó rántí pa. Ó ń jó iná lọ níbi tó wà. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́ irú ọlọ́jọ́ 90 tí àjọ Let's Encrypt ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń tún un gbà fúnra rẹ̀ kó tó dópin, láìsí pé ẹnì kan rán an.

Nítorí náà, ẹ̀rọ yẹn kò parọ́ mọ́ mi. Páásíwọ́ọ̀dù mi kò tọ̀nà lóòótọ́, ní ilé yẹn. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ ilé tuntun lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé tí mo ti kó kúrò, mo wá ń fi gbogbo àárọ̀ fọ kọ́kọ́rọ́.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ẹ̀dà àtijọ́ ń wọlé? Ó ní ẹ̀dà àtijọ́ a máa kọ́kọ́ lọ síbi tí mo kọ. Bí wọ́n bá lé e, kò ní sọ fún mi, á yí sẹ́yìn, á bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ DNS, á sì gba ibẹ̀ wọlé. "Ọ̀gá mi, láti ọdún mẹ́rin, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i ni ẹ ti ń kan ilẹ̀kùn yẹn, tí wọ́n ń lé yín, tí ẹ ò mọ̀." Àwọn tó ṣe ẹ̀dà tuntun ti yọ àṣà yẹn kúrò. Mo kọ́kọ́ bínú sí wọn. Àmọ́ nígbà tí mo rò ó, wọ́n jàre. Áàpù tó ń gbé páásíwọ́ọ̀dù èèyàn kiri láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn títí ẹnì kan á fi gbà á, ọjọ́ kan ni yóò gbé e lé ọwọ́ olè.

Ọ̀rọ̀ olè yìí náà ló jẹ́ kí n dárí ji lẹ́tà pupa yẹn díẹ̀. Mo ti ń ráhùn pé kí ló dé tí wọn kì í sọ ojú abẹ níkòó: orúkọ ni kò dára ni, àbí páásíwọ́ọ̀dù? Ó wà nínú ìlànà pé kí wọ́n má sọ ọ́. Ìwé ìlànà IETF tó ń jẹ́ RFC 6120, tó jáde lọ́dún 2011, tó jẹ́ ìpìlẹ̀ XMPP, kọ ọ́ kedere pé èsì kan náà ni kí sáfà fún ẹni tó tẹ páásíwọ́ọ̀dù tí kò tọ̀nà àti ẹni tó tẹ orúkọ tí kò sí rárá. Bí sáfà bá ń sọ pé "orúkọ yìí wà, páásíwọ́ọ̀dù ni kò dára", ẹni burúkú á máa fi orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dán an wò títí yóò fi mọ gbogbo ará ilé. Aṣọ́nà kò ríran. Kò mọ̀ bóyá onílé tó gbàgbé ló ń kànkùn tàbí gbéwiri, ó wá ń dá àwọn méjèèjì lóhùn bákan náà. Mo gbà. Àmọ́ ohun kan wà tí ì bá sọ láìtú àṣírí ẹnikẹ́ni: orúkọ sáfà tó lé mi. Ìlà kan péré, pé ibi báyìí ni mo ti bèèrè, wọn kò gbà mí. Èmi kì bá tí pàdánù àárọ̀ odidi kan.

Àwọn ilé mìíràn wà, àwọn áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ tó lókìkí, tí wọ́n ti wó lójú gbogbo ayé. ICQ, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1996, kógbá sílé ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2024. AIM lọ ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2017, Yahoo Messenger tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 2018, Skype sì dákẹ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2025. Wọ́n kéde, wọ́n dá ọjọ́, àwọn èèyàn kó ẹrù wọn. Tiwa kò ní ìkéde kankan. A kàn kó lọ, a sì fi iná sílẹ̀ ní títàn.

Ọmọ náà kọ̀wé sí àwọn tó ni iṣẹ́ náà, wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì làwọn máa pa sáfà yẹn. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ohun kan kò jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́. Mo dá orúkọ fódà àtijọ́ padà, mo ṣí áàpù, mo wá gbìyànjú láti rántí páásíwọ́ọ̀dù tí mo ń lò kí wọ́n tó kó wa. Orí mi kò mọ̀ ọ́n. Mo gbé ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù, mo wo ibòmíràn, mo jẹ́ kí ìka ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kejì ló gbà á.

Orúkọ gbogbo èèyàn wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló ṣú, kò sí ẹyọ kan tó tàn. Mẹ́ta nínú wọn kò sí níbi iṣẹ́ wa mọ́. Mo ti fẹ́ pa á dé nígbà tí fèrèsé kékeré kan yọ lábẹ́. Irú sáfà yìí máa ń tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ de ẹni tí kò sí nílé títí yóò fi dé. Obìnrin tó pè mí lọ́jọ́ Ajé ló kọ ọ́, ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ ni alẹ́ ọjọ́ tí a kó lọ, ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn: "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wa ti dé ibi tuntun o. Ẹ̀yin nìkan la ò tíì rí."

Mo kúrò níbẹ̀, mo ṣí ti tuntun, mo kọ̀wé sí i: "Mo ti dé o."

Ó fèsì lójú ẹsẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ sà. Níbo lẹ lọ?"